Ẹyọ àti Ọ̀pọ̀: Ìtàn Bí Àwọn Onígírámà Ṣe Wo Iye Nínú Èdè Yorùbá, láti 1843 títí di Òde Òní

1. Ìfáàrà

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Agbowó bá kọ gbólóhùn yìí, "Olú ra ìwé ní Dùgbẹ̀", kò sí ẹni tí ó lè ti ara gbólóhùn náà nìkan mọ̀ bóyá ìwé kan ni Olú rà tàbí mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá fẹ́ túmọ̀ gbólóhùn rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, yóò di dandan fún un láti yàn: ìwé kan ni, tàbí ìwé tí ó ju ẹyọ kan lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í gbà kí ẹni tí ń sọ ọ́ dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ iye. Èdè Yorùbá a máa gbà bẹ́ẹ̀. Láti inú ìyàtọ̀ yìí ni ìbéèrè kan ti jẹ yọ, tí àwọn onígírámà Yorùbá ti ń dáhùn ní onírúurú ọ̀nà fún ohun tí ó lé ní 150 ọdún: ṣé ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá ní ẹyọ àti ọ̀pọ̀? Bí ó bá ní, ṣé "àwọn" ni àmì ọ̀pọ̀ náà?

Àpilẹ̀kọ yìí tọ ipasẹ̀ ìdáhùn wọ̀nyí láti ìgbà Àjàyí Crowther títí dé ìgbà tí ìkọ̀wé gírámà Yorùbá fìdí kalẹ̀ ní Ìbàdàn. Ohun tí ó fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé kì í ṣe inú ọ̀rọ̀-orúkọ ni iye ń gbé nínú èdè Yorùbá. Inú arọ́pò-orúkọ ni ilé rẹ̀ wà. Láti ibẹ̀ ni "àwọn" ti wá, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀wọ̀ fún àgbà ti wá yá ọ̀pọ̀ lò. Ẹni tí ó bá ka "àwọn" sí ẹ̀dà àfòmọ́ ọ̀pọ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì kò ní rí ètò yìí. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan, nítorí bí a bá ṣe ṣe àlàyé rẹ̀ ni a óò ṣe kọ́ ọmọdé, òun náà ni a óò sì fi dájọ́ bóyá ohun tí ọmọ náà kọ tọ̀nà.

2. Àwọn aṣáájú: Crowther àti Bowen

Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣọ́ọ̀gùn, ni a mú lẹ́rú ní 1821. Ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, a sì mú un lọ sí Sierra Leone. Ìwé àkójọ-ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣe jáde ní London ní 1843, gírámà rẹ̀ tí a tún ṣe sì jáde ní 1852. Lẹ́yìn rẹ̀ ni T. J. Bowen, òjíṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, gbé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè tirẹ̀ jáde ní 1858 lábẹ́ àṣẹ ilé-iṣẹ́ Smithsonian ní Washington.

Gírámà ilé-ìwé ti Látìn àti ti Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ìwé ìgbà náà ń tẹ̀lé. Nínú irú gírámà bẹ́ẹ̀, bí a bá ti dárúkọ ọ̀rọ̀-orúkọ, a gbọ́dọ̀ sọ nípa iye rẹ̀, bóyá ó jẹ́ akọ tàbí abo, àti ipò tí ó wà nínú gbólóhùn. Ààyè kan ti wà nílẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ fi nǹkan dí. Ní ààyè ọ̀pọ̀, "àwọn" ni ohun tí ó wà nítòsí jùlọ, a sì fi í síbẹ̀: ẹyọ ni "ilé", ọ̀pọ̀ ni "àwọn ilé". Àlàyé náà rọrùn, ó sì ran àjèjì tí ń kọ́ èdè lọ́wọ́.

Kò yẹ kí a fi ojú kékeré wo iṣẹ́ àwọn aṣáájú yìí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn onímọ̀ èdè ní Yúróòpù, tí August Schleicher jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, pín èdè ayé sí ìpele ìpele. Àwọn èdè tí ọ̀rọ̀ wọn kì í yí padà ni wọ́n tò sí ìsàlẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ń yí padà, bíi Látìn àti Sanskrit, ni wọ́n tò sí òkè. Lójú irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀, èdè tí kò bá ní àmì ọ̀pọ̀ lè dàbí èdè tí kò tíì dàgbà. Gírámà tí ó fi hàn pé Yorùbá náà ní ẹyọ àti ọ̀pọ̀ ń gba ipò fún èdè náà láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àlàyé náà ní àbùkù kan: ó sọ ohun tí ènìyàn lè ṣe di ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣe. Nígbà tí a bá ń túmọ̀ ìwé láti inú èdè tí ó máa ń fi àmì sí ọ̀pọ̀ nígbà gbogbo, gbogbo ibi tí àmì náà bá ti hàn ni atúmọ̀ yóò ti bi ara rẹ̀ léèrè bóyá "àwọn" yẹ níbẹ̀. Bí ó bá ń fi í síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ohun tí ó kọ yóò jẹ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò ní dún létí bí Yorùbá tí a ń sọ.

3. Ìbàdàn àti gírámà tuntun

Ìdásílẹ̀ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìbàdàn ní 1948 mú àyípadà bá ọ̀rọ̀ yìí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà di Yunifásítì tí ó dá dúró ní 1962, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó sì wà láàrin ẹnu ọ̀nà rẹ̀ àti Agbowó. Ìhà tuntun ìlú náà kún fún ohun èlò ìkọ̀wé: àwọn olùkọ́ ń gbé ní ọgbà Yunifásítì àti ní Bódìjà, ilé ìtẹ̀wé Oxford àti Heinemann wà ní Ìbàdàn, ti Oníbọnòjé sì wà ní Fẹ́lẹ́lẹ̀ ní ẹ̀bá Challenge. Ẹni tí ń kọ́ni ní èdè Yorùbá, ẹni tí ń kọ gírámà rẹ̀ àti ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ jáde kò jìnnà sí ara wọn mọ́.

Ayọ̀ Bámgbóṣé, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Edinburgh ní 1963, gbé gírámà Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1966. Ìlànà M. A. K. Halliday ni ó tẹ̀lé, ó sì gbé àlàyé rẹ̀ ka iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe nínú gbólóhùn dípò ààyè tí gírámà Látìn ti là sílẹ̀. Ní 1978, Ọládélé Awóbùlúyì gbé ìwé tirẹ̀ lórí gírámà Yorùbá jáde ní Ìbàdàn. Bámgbóṣé tún kọ fonọ́lọ́jì àti gírámà ní èdè Yorùbá fúnra rẹ̀, tí ó jáde ní 1990.

Àwọn méjèèjì kò fẹnu kò lórí ohun gbogbo, ṣùgbọ́n wọ́n kíyè sí nǹkan pàtàkì kan. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà wà tí wọ́n jẹ́ ẹbí kan náà: èmi, ìwọ, òun, àwa, ẹ̀yin, àwọn. Bámgbóṣé pè wọ́n ní arọ́pò-afarajorúkọ, nítorí pé ìṣesí wọn sún mọ́ ti ọ̀rọ̀-orúkọ; Awóbùlúyì ní tirẹ̀ kà wọ́n mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ pátápátá. Èyí ó wù kí a gbà, ohun kan náà ni ó ń tọ́ka sí nípa "àwọn". Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ mẹ́ta yìí wé ara wọn: "àwa ọdẹ", "ẹ̀yin ọdẹ", "àwọn ọdẹ". Kò sí ẹni tí yóò sọ pé "àwa" jẹ́ àmì ọ̀pọ̀ lára "ọdẹ" nínú àpẹẹrẹ kìíní. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àwa tí a jẹ́ ọdẹ. Bákan náà ni "àwọn ọdẹ": àwọn tí wọ́n jẹ́ ọdẹ. "Ọdẹ" kò yí padà rárá. Ẹ̀yán ni ó jẹ́ fún "àwọn" tí ó ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, "àwọn" kì í ṣe ìrù tí a so mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ. Arọ́pò ni, ó sì gbé iye tirẹ̀ lọ́wọ́ wá.

4. Ohun tí ìlò ojoojúmọ́ fi hàn

Bí a bá gbà pé inú arọ́pò ni iye ń gbé, ọ̀pọ̀ ohun tí ó ti dàbí àìbáradọ́gba tẹ́lẹ̀ yóò wá ní ìdí. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà. Ó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn ní ọjà Bódìjà àti ní ibùdókọ̀ Challenge.

Èkíní, "àwọn" a máa ṣáájú orúkọ ènìyàn kan ṣoṣo. Bí obìnrin kan bá sọ pé "Àwọn Bísí ti lọ sí Bódìjà", kò ní í lọ́kàn pé Bísí pọ̀ ní iye. Bísí àti àwọn tí ó bá a rìn ni ó ń sọ. Bí "àwọn" bá jẹ́ àmì ọ̀pọ̀ lásán, àpẹẹrẹ yìí kò ní ṣeé ṣàlàyé.

Èkejì, ònkà kì í béèrè "àwọn". "Iṣu mẹ́ta" ni ẹni tí ń rajà máa ń sọ, nítorí pé "mẹ́ta" ti sọ iye tán. Bí a bá gbọ́ "àwọn iṣu mẹ́ta yẹn", iṣu tí olùsọ̀rọ̀ àti olùgbọ́ ti jọ mọ̀ ni ọ̀rọ̀ dá lé. Èyí fi hàn pé "àwọn" ń ṣe ju iṣẹ́ iye lọ: ó ń tọ́ka sí ẹgbẹ́ kan tí a lè dá mọ̀.

Ẹ̀kẹta, nígbà tí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ tí ó kan gbogbo irú ohun kan, a kì í lo "àwọn". Òwe sọ pé "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀." Ọmọdé ibẹ̀ kì í ṣe ọmọdé kan, àgbà ibẹ̀ kì í sì í ṣe àgbà kan, síbẹ̀ kò sí "àwọn" níbẹ̀. Bí a bá fi í sí i, òwe náà yóò bàjẹ́. Bí ẹyọ bá sì ṣe pàtàkì, Yorùbá a máa sọ ọ́ gbangba pé "kan": "Igi kan kì í dá igbó ṣe." Nítorí náà "igi" lásán kì í ṣe ẹyọ, kì í sì í ṣe ọ̀pọ̀. Igi ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹrin, àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí wọ́n ń gbé ọ̀pọ̀ wọ inú gbólóhùn. "Yìí" ní ẹnì kejì rẹ̀ tí í ṣe "wọ̀nyí". "Yẹn" ní "wọ̀nyẹn". Àpètúnpè ọ̀rọ̀-àpèjúwe náà ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá dúró ní Dùgbẹ̀ lè nawọ́ sí Ilé Kòkó, tí a parí ní 1965, kí ó pè é ní "ilé gíga". Bí ó bá sọ pé "ilé gíga gíga", ilé tí ó ju ẹyọ kan lọ ni ó ń sọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe pàápàá mọ iye. Aláàárù tí a ní kí ó "gbé" ẹrù mọ̀ pé ẹrù kan ni. Èyí tí a ní kí ó "kó" ẹrù mọ̀ pé ẹrù pọ̀. Ẹrù kò yí padà nínú méjèèjì. Bí "kó" bá sì ti sọ ọ́, kò tún sí ìdí tí a fi ní láti fi "àwọn" kún un.

Ìlànà tí ó so gbogbo èyí pọ̀ ni pé Yorùbá máa ń sọ iye níbi tí olùgbọ́ bá ti nílò rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan sì sábà máa ń tó. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ máa ń tún un sọ lára ọ̀rọ̀-orúkọ, kódà nígbà tí ònkà bá ti sọ ọ́ tán.

Àwọn ọ̀rọ̀ àyálò jẹ́rìí sí i. "Mọlaika" wá láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó jẹ́ ọ̀pọ̀ ní èdè tirẹ̀. "Málákì" tí í ṣe ẹyọ kọ́ ni Yorùbá yá. "Àlùjànnú" náà jọ "aljannu", tí ó jẹ́ ọ̀pọ̀ ní èdè Haúsá. Nígbà tí wọ́n wọ inú Yorùbá, àmì ọ̀pọ̀ inú wọn kú. A lè sọ pé "mọlaika kan", a sì lè sọ pé "àwọn mọlaika". Ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kò ní àpò tí yóò kó iye sí.

5. Ọ̀pọ̀ tí kì í ṣe iye

Arọ́pò-orúkọ kò fún ènìyàn ní irú òmìnira bẹ́ẹ̀. Ó di dandan láti yan "o" tàbí "ẹ", "ó" tàbí "wọ́n". Ẹni tí ó bá sọ pé Yorùbá kò ní ẹyọ àti ọ̀pọ̀ nínú gírámà kò wo ibí yìí. Níbí gan-an sì ni àṣà ti wọ inú gírámà. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ọkọ̀ tí ó bá ń bá ìyá arúgbó kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ ní Challenge yóò sọ pé "Ẹ rọra sọ̀, Màmá." Bí ó bá ń ròyìn rẹ̀ fún awakọ̀, yóò ní "Wọ́n fẹ́ sọ̀." Ẹni kan ni, arọ́pò ọ̀pọ̀ ni. Ọmọ tí ó bá sọ pé "Àwọn bàbá mi ti dé" lè ní baba kan ṣoṣo lọ́kàn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan náà, "àwọn", lè túmọ̀ sí ẹni púpọ̀, ẹni kan àti àwọn tirẹ̀, tàbí ẹni kan tí a bọ̀wọ̀ fún.

Yorùbá nìkan kọ́ ni ó fi ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀. Faransé a máa lo arọ́pò ọ̀pọ̀ fún ẹni kan, Jámánì a máa lo ti ẹni kẹta. Roger Brown àti Albert Gilman fi hàn ní 1960 bí àṣà yìí ṣe gbilẹ̀ ní Yúróòpù láti inú Látìn tí a fi ń bá ọba ńlá sọ̀rọ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní àwọn ẹ̀ka-èdè kan ní ìhà ìlà-oòrùn, a lè fi arọ́pò ẹyọ bá àgbà sọ̀rọ̀ láìjẹ́ àfojúdi. Ní ìhà tuntun Ìbàdàn, níbi tí ọmọ Oǹdó, ọmọ Èkìtì àti ọmọ Ọ̀yọ́ ti jọ ń gbé àgbègbè kan náà, ohun tí ó jẹ́ gírámà lásán lẹ́nu ẹnì kan lè dàbí ìwà lójú ẹlòmíràn.

Ẹ̀rí kan tí ó lágbára ni ti Ọlọ́run. Nínú Bíbélì Yorùbá, tí Crowther kó ipa pàtàkì nínú ìtumọ̀ rẹ̀, àti nínú àdúrà ojoojúmọ́, "ìwọ" àti "o" ni a fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, Ẹni tí ó ju gbogbo àgbà lọ. Níbi tí jíjẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ti ṣe pàtàkì jùlọ, ẹyọ borí ọ̀pọ̀ ọ̀wọ̀.

6. Yorùbá láàrin àwọn èdè mìíràn

Àwọn aládùúgbò Yorùbá kò gba ọ̀nà kan. Èdè Haúsá a máa yí ọ̀rọ̀-orúkọ padà: "gida" ni ilé kan, "gidaje" ni ilé púpọ̀, "yaro" ni ọmọdékùnrin kan, "yara" ni púpọ̀. Ìgbò a máa lo "ụmụ" àti "ndị" ṣáájú ọ̀rọ̀ tí ó bá jẹ mọ́ ènìyàn. Nínú èdè Ẹ̀dó, fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ a máa yí padà nínú àwọn ọ̀rọ̀ kan: "okpia" ni ọkùnrin kan, "ikpia" ni ọkùnrin púpọ̀. Ben Elugbe, olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ìwé rẹ̀ lórí ìfiwéra àwọn èdè ẹbí Ẹ̀dó jáde ní 1989, wà lára àwọn tí ó ṣe ìwádìí àwọn àmì àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n jọ ti èdè Swahili, níbi tí "mtu" ti jẹ́ ènìyàn kan, tí "watu" sì jẹ́ ènìyàn púpọ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé fáwẹ̀lì tí ó bẹ̀rẹ̀ "ọmọ", "ẹja" àti "ilé" nínú Yorùbá jẹ́ àkù irú ètò bẹ́ẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé Yorùbá ti ní iye lára ọ̀rọ̀-orúkọ rí, ó sì ti gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí ara arọ́pò. Èdè tí kò tíì dàgbà kọ́ ni.

Ewe, tí a ń sọ ní Togo àti Ghana, ni ó sún mọ́ Yorùbá jùlọ nínú ọ̀rọ̀ yìí: "wo" tí ó jẹ́ àmì ọ̀pọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀-orúkọ jọ arọ́pò ẹni kẹta ọ̀pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Píjìn tí a ń gbọ́ ní Agbowó, níbi tí "pikin dem" ti jẹ́ àwọn ọmọ. Irú ìlò yìí wà ní Jamaica pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ipa èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lẹ́nu àwọn tí a kó lẹ́rú kọjá òkun.

Ìwádìí àgbáyé ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀nà Yorùbá kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Nínú èdè 1,066 tí Matthew Dryer tò nínú ìwé àwòrán-ilẹ̀ èdè àgbáyé, ẹ̀dà 2013, 513 ni ó ń lo àfòmọ́ ìparí bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. 170 ń lo ọ̀rọ̀ tí ó dá dúró, bí èdè Tagalog ṣe ń lo "mga" ní Philippines, 98 kò sì ní àmì ọ̀pọ̀ kankan lára ọ̀rọ̀-orúkọ. Greville Corbett, nínú ìwé rẹ̀ lórí iye ní 2000, fi hàn pé àwọn èdè kan ní ìrísí ọ̀rọ̀-orúkọ tí kò sọ nǹkankan nípa iye. Èdè Bayso ní Ethiopia ní irú ìrísí bẹ́ẹ̀, ó sì tún ní ìrísí ọ̀tọ̀ fún ẹyọ, fún díẹ̀ àti fún púpọ̀. "Igi" àti "ìwé" ti Yorùbá bá irú ìrísí àkọ́kọ́ yìí mu. Ọládiípọ̀ Ajíbóyè, nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Vancouver ní 2005, fi hàn pẹ̀lú pé ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá tí ó dá dúró lè gba ìtumọ̀ ẹyọ tàbí ti ọ̀pọ̀.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ìran onígírámà kìíní rí "àwọn", wọ́n sì fi dí ààyè tí gírámà Látìn ti là sílẹ̀. Ìran kejì, tí Ìbàdàn jẹ́ ibùjókòó wọn, fi hàn pé ẹbí "àwa" àti "ẹ̀yin" ni. Àwọn tí ó tẹ̀lé wọn gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èdè ayé, wọ́n sì rí i pé kò sí ohun tí ó sọnù. Crowther kò ṣìnà nígbà tí ó sọ pé "àwọn" ń fi ọ̀pọ̀ hàn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ilé-ìwé sọ àkíyèsí náà di òfin.

Iṣẹ́ tí ó kù wà lọ́wọ́ àwọn tí ń kọ ìwé fún ilé-ìwé àti àwọn tí ń túmọ̀ ìròyìn. Láti 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Yunifásítì Ifẹ̀, tí Babs Fáfunwá darí, ti fi hàn pé ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1984 ni ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde. Ohun èlò wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ fún ọmọ pé kò sí ọ̀pọ̀ níbi tí kò bá sí "àwọn", èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ ọ ní Yorùbá. Ọmọ tí ó kọ "Bàbá mi ra ewúrẹ́ márùn-ún, ó kó wọn wálé" ti sọ iye lẹ́ẹ̀mẹta: nínú "márùn-ún", nínú "kó" àti nínú "wọn". Olùkọ́ tí ó bá fi pẹ́ńsù pupa kọ "àwọn" ṣáájú "ewúrẹ́" níbẹ̀ kò tún gbólóhùn ọmọ náà ṣe. Ó bà á jẹ́ ni.